Kátà kì í ṣe kátakàta: bí a ṣe ń fi Heian Shodan kọ́ ẹsẹ̀, ìbàdí àti ojú

Wọlé sí dojo, ìyẹn ibi ìdánrawò kàrátè, ní ìrọ̀lẹ́, wàá bá àwọn ọmọ bẹ́líìtì funfun lórí ìlà, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń kan ẹ̀ṣẹ́ lu afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n á béèrè pé, "Ta ni wọ́n ń bá jà?" Ìbéèrè tó dára ni. Ohun tó ń ba kátà jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni pé àwọn gan-an ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n há ìgbésẹ̀ 21 sórí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ń sáré ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójoojúmọ́. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà, àṣìṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ ti wọ ara wọn, ó ti le bí òkúta.

Kátà ni àwọn ìgbésẹ̀ ìjà tí a tò tẹ̀ léra, tí ẹnì kan ń dá ṣe. Ìdènà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti yíyí kọ̀ọ̀kan ló ní ibi pàtó tó gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Orúkọ rẹ̀ kàn ṣèèṣì jọ kátakàta tiwa ni. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló jẹ́.

Heian Shodan la máa lò níbí, torí òun ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Shotokan, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka kàrátè, fi ń bẹ̀rẹ̀. Itosu Anko, olùkọ́ kan ní erékùṣù Okinawa, ló ṣètò kátà márùn-ún tí wọ́n ń pè ní Pinan fún àwọn ọmọ iléèwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Funakoshi Gichin, tó gbé kàrátè lọ sí Tokyo ní 1922, ló wá ń pè wọ́n ní Heian, ó sì pààrọ̀ ipò méjì àkọ́kọ́: èyí tó jẹ́ ìkejì ní Okinawa ló di Shodan, torí pé ó rọrùn ju ìkíní lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá dé dojo Wado-ryu tàbí Shito-ryu, àwọn ẹ̀ka mìíràn, tí wọ́n ní kí o ṣe Pinan Shodan, má ṣe gbé èyí sílẹ̀ fún wọn. Kátà mìíràn ni wọ́n ń retí.

Ohun tí o máa rí gbà níbẹ̀

Nínú kumite, ìyẹn ìjà ìdánrawò, kálukú ló ń fẹ́ lo ọwọ́ tó mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ òsì síwájú lè jà fún ọdún mẹ́ta láìfi ti ọ̀tún síwájú rí. Kátà kò gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Nínú ìgbésẹ̀ 21 Heian Shodan, ẹsẹ̀ òsì ló wà níwájú nínú 10, ọ̀tún nínú 11. Ìgbà mẹ́wàá lo máa yí ara padà, láti orí dígírì 45 títí dé 270. Mélòó nínú àwọn tó ń bá ẹlẹ́gbẹ́ wọn fẹsẹ̀ wọnlẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń yí dígírì 270 tí wọn ò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́?

Àǹfààní kejì ni pé kò sí ẹni tó ń dà ọ́ láàmú. O láyè láti gbọ́ ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń sọ, bóyá gìgísẹ̀ ẹ̀yìn ti gbé, bóyá èjìká ti sún mọ́ etí. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ń bọ̀ lójú rẹ, kò sí ẹni tó máa rántí gìgísẹ̀.

Ṣùgbọ́n kátà kò lè kọ́ ọ ní àkókò, ìyẹn ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ jáde sí ẹni tí kò fẹ́ kí o bá òun. Kò lè kọ́ ọ bí ẹ̀rù ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá tì ọ́ lójijì. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé kátà nìkan tó láti fi jà ń tàn ọ́ ni. Ẹni tó sì ní ijó lásán ni, kò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Kọ́ ìdúró kí o tó kọ́ ìgbésẹ̀

Ìdúró méjì péré ni Heian Shodan fẹ́rẹ̀ẹ́ ní. Bí méjèèjì bá wọ́, gbogbo nǹkan tó wà lórí wọn á wọ́.

Zenkutsu-dachi ni ìdúró iwájú. Láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ẹsẹ̀ méjèèjì ya níwọ̀n ìbú ìbàdí. Láti iwájú sí ẹ̀yìn, ó gùn tó bí ìlọ́po méjì ìbú èjìká. Orúnkún iwájú tẹ̀ títí tó fi bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ bí o bá wolẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nà, gìgísẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọ ìka rẹ̀ sì kọjú síwájú tó bí ó bá ti lè ṣeé ṣe. Ìdá 60 nínú 100 ìwúwo ara wà lórí ẹsẹ̀ iwájú, 40 lórí ti ẹ̀yìn. Bí o ṣe máa yẹ gígùn rẹ̀ wò: láti inú ìdúró náà, fi orúnkún ẹ̀yìn kúnlẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ iwájú. Bí àlàfo tó wà láàárín orúnkún yẹn àti gìgísẹ̀ iwájú bá gba ìkúùkù kan, o ti bọ́ sí i. Bí ó bá gba méjì tàbí mẹ́ta, o ti nà jù, o ò ní lè rìn kúrò níbẹ̀ láìkọ́kọ́ fara síwá sẹ́yìn. Ti ìbú, jẹ́ kí ẹnì kan rọra tì ọ́ léjìká láti ẹ̀gbẹ́. Bí o bá ṣubú, orí okùn lo dúró sí: ẹsẹ̀ kan wà ní ọ̀gangan ẹ̀yìn èkejì. Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù lọ, ó sì sábà máa ń wáyé lẹ́yìn tí ènìyàn bá yí.

Kokutsu-dachi, ìdúró ẹ̀yìn, ló wà nínú ìgbésẹ̀ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Gìgísẹ̀ méjèèjì wà lórí ìlà kan, ẹsẹ̀ iwájú kọjú tààrà, ti ẹ̀yìn dá bùú ní dígírì 90. Ìdá 70 ìwúwo ara wà lẹ́yìn. Ti orúnkún ẹ̀yìn síta kí ó wà lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá wó sínú, orúnkún yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Má sì jẹ́ kí ìdí yọ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó lórí àpótí. Ẹ̀yìn gún, ìdí wà lábẹ́ èjìká.

Ìgbésẹ̀ 21

Jẹ́ ká fi yàrá ṣe atọ́nà. Ilẹ̀kùn wà lọ́ọ̀ọ́kán rẹ, fèrèsé wà lọ́wọ́ òsì, tẹlifíṣọ̀n wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ògiri lásán wà lẹ́yìn. Dúró, ẹsẹ̀ ya níwọ̀n èjìká, ìkúùkù méjèèjì níwájú itan. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà. Àmì yẹn á wúlò.

1 àti 2, sí fèrèsé. Ojú ló ń kọ́kọ́ lọ. Gbé ìkúùkù òsì wá sẹ́bàá etí ọ̀tún, na apá ọ̀tún síwájú nísàlẹ̀, gbé ẹsẹ̀ òsì lọ sọ́nà fèrèsé, kí o wá fi apá òsì gbá sísàlẹ̀ bí ìkúùkù ọ̀tún ṣe ń padà sí ìbàdí. Gedan-barai nìyẹn. Ìkúùkù òsì dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sókè orúnkún òsì, ìbàdí sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 45. Wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá síwájú, kí o kan ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún sí abẹ́ igbá-àyà ẹni tó wà lójú fèrèsé. Oi-zuki ni wọ́n ń pè é. Oríkèé ìka àkọ́kọ́ méjì ló ń bá ojú ibẹ̀, ìbàdí sì ti yí padà, ó kọjú síwájú pátápátá. Yíyí ìbàdí láti 45 sí iwájú yìí ni agbára ẹ̀ṣẹ́ náà ti ń wá. Bí ìbàdí bá ti kọjú síwájú láti ìgbà ìdènà, ọwọ́ nìkan ló kù láti kan.

3, 4 àti 5, sí tẹlifíṣọ̀n. Ẹsẹ̀ òsì dúró bí òpó, ti ọ̀tún gba ẹ̀yìn lọ, o gba apá ọ̀tún yí dígírì 180, gedan-barai ọ̀tún. Ibí yìí ni ìdúró orí okùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí o tó yí, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ìlà. Lẹ́yìn tí o bá yí, ẹ̀gbẹ́ kejì ló yẹ kó wà. Nítorí náà, kò tó kí ó kàn lọ sẹ́yìn gbọnrangandan, ó gbọ́dọ̀ dá bùú kọjá níwọ̀n ìbú ìbàdí méjì. Ìgbésẹ̀ 4: fa ẹsẹ̀ ọ̀tún padà díẹ̀, kí ara nà sókè, kí apá ọ̀tún gba iwájú ara yípo gòkè, kí ó sì fi ìdí ìkúùkù, ní apá ọmọńdinrín, gbá wálẹ̀ bí òòlù títí dé ọ̀gangan èjìká. Ìgbésẹ̀ 5: ẹsẹ̀ òsì síwájú, oi-zuki òsì.

6 dé 9, sí ilẹ̀kùn. Yí dígírì 90 sí òsì, ẹsẹ̀ òsì ló lọ, gedan-barai òsì. Age-uke (ìdènà sókè) mẹ́ta ló tẹ̀ lé e, ìgbésẹ̀ mẹ́ta síwájú: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. La àtẹ́lẹwọ́ tó wà níwájú sókè ná, kí o wá fà á padà sí ìbàdí bí apá kejì ṣe ń gòkè kọjá níwájú rẹ̀. Apá náà dà bí òrùlé, ọrùn ọwọ́ ga ju ìgúnpá lọ kí òjò lè ṣàn dànù, àlàfo ìkúùkù kan sì wà láàárín rẹ̀ àti iwájú orí. Bí o bá gbé e sún mọ́ orí jù, ohun tó bá balẹ̀ lé e á gbé apá tìrẹ fúnra rẹ̀ lu ọ́ nímú. Kiai, ìyẹn igbe tí a fi ń tú èémí jáde, wà lórí age-uke kẹta.

10 dé 13. Yí gba apá òsì, dígírì 270. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni òpó, òsì gba ẹ̀yìn lọ, o kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Gedan-barai òsì, oi-zuki ọ̀tún. Yí gba ọ̀tún, dígírì 180, sí fèrèsé: gedan-barai ọ̀tún, oi-zuki òsì. Kò sí òòlù níbí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń tún ìgbésẹ̀ 4 ṣe níhìn-ín, pàápàá níwájú ẹni tó ń dán wọn wò fún bẹ́líìtì.

14 dé 17, sí ògiri ẹ̀yìn. Dígírì 90 sí òsì, gedan-barai òsì, oi-zuki mẹ́ta: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Kiai lórí ìkẹta.

18 dé 21. Dígírì 270 sí òsì lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kokutsu-dachi lo máa bọ́ sí, o kọjú sí fèrèsé, shuto-uke òsì: ọwọ́ là, ó ti ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún gé síwájú, ìgúnpá tẹ̀ bíi dígírì 90, orí ìka wà ní ọ̀gangan èjìká, àtẹ́lẹwọ́ kejì sì kọjú sókè níwájú igbá-àyà. Gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sí igun tó wà láàárín fèrèsé àti ilẹ̀kùn, shuto-uke ọ̀tún. Yí gba ọ̀tún, dígírì 135, sí tẹlifíṣọ̀n, shuto-uke ọ̀tún. Gbé ẹsẹ̀ òsì sí igun tó wà láàárín tẹlifíṣọ̀n àti ilẹ̀kùn, shuto-uke òsì. Fa ẹsẹ̀ òsì padà, kọjú sí ilẹ̀kùn bí o ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí o bá ṣe é ní ìṣísẹ̀ tó yẹ, kò ní ju bí ìṣẹ́jú-àáyá 40 lọ.

Bí o ṣe máa fi ṣe ìdánrawò

Ọ̀nà tí àǹfààní rẹ̀ kéré jù lọ ni kí o máa ṣe é láti ìgbésẹ̀ 1 dé 21 ní gbogbo ìgbà. Ohun tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ á máa dán, ìparí á máa wọ́, torí pé àárẹ̀ ti dé kí o tó kan kokutsu-dachi. Gé e.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 25 lójúmọ́. Gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìgbà mẹ́wàá, o ń dúró lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti wo ẹsẹ̀ rẹ. Lẹ́yìn náà, dúró lójú kan kí o ṣe ọwọ́ nìkan, ìgbà márùn-ún. Ó máa ń sú ènìyàn, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fo ibí yìí, ibí náà ni yóò padà wá láàárín ọdún kan, pẹ̀lú àṣà burúkú tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàgbé.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, mú àwọn yíyí jáde kúrò nínú kátà. Ìgbésẹ̀ 2 sí 3, 9 sí 10 àti 17 sí 18 ni kí o fún láyè jù lọ. Bọ́ sí ìdúró tó ṣáájú, yí, dúró, yẹ ẹsẹ̀ wò, padà síbẹ̀, tún un ṣe. Mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 17 sí 18 ló le jù nínú wọn, torí o ń yí dígírì 270, o sì ń pààrọ̀ ìdúró lẹ́ẹ̀kan náà: ìwúwo ara tó wà níwájú gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ wá sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ òsì tó balẹ̀. Bí o bá rí i pé ò ń ju ara sẹ́yìn kí o má bàa ṣubú, ẹsẹ̀ òsì ti balẹ̀ kí ìbàdí tó dé. Dín gígùn ìdúró kù títí yíyí yẹn á fi mọ́ tónítóní, kí o wá máa mú un gùn díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí o bá wá ń ṣe odindi kátà, lo ìyára mẹ́ta. Àkọ́kọ́ rọra bí ẹni ń rìn nínú odò, kí odindi rẹ̀ gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èyí ló ń tú àṣìṣe ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fó, torí kò sí ìyára tí o lè fi bo ó. Ìkejì, ìyára déédéé, láìfi agbára sí i. Ìkẹta, gbogbo agbára, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Bí o bá ṣe kọjá bẹ́ẹ̀, àárẹ̀ lò ń kọ́ ara. Mí síta pẹ̀lú ìdènà tàbí ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, má sì há èémí mọ́ àyà nígbà tí o bá ń yí.

Ìlù dùndún kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ní ohùn kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kátà kì í ní àlàfo kan náà láàárín ìgbésẹ̀. 1 àti 2 so mọ́ra, ìdènà òun èsì ni wọ́n. 3, 4 àti 5 jẹ́ gbólóhùn kan. Kí o tó yí, ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ wà: ojú ti lọ, ara ń bọ̀. Ẹni tó ń kà á "ení, èjì, ẹ̀ta" ní dọ́gbadọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ń ṣe ti ẹni tó ń ka gbólóhùn láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní ti ibi tí o ti ń ṣe é: ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó rí gbágungbàgun máa ń di ẹsẹ̀ mú, orúnkún á yí, ẹsẹ̀ ò ní yí, ibẹ̀ sì ni ìpalára ti ń wá. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ bàtà pẹlẹbẹ tó ń yọ̀ díẹ̀, tàbí kí o gbé ẹsẹ̀ fúyẹ́ kí o tó yí. Lórí táìsì, òógùn ni ọ̀tá. Fi tówẹ̀lì sí tòsí. Bí yàrá bá kéré, fa ẹsẹ̀ méjèèjì padà ní ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti 7 dé 9 àti 15 dé 17. Kiai lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ nínú ilé tí ayálégbé mẹ́jọ ń gbé? Mí síta gidigidi kí ikùn le, ó tó, kí ìyá onílé má bàa wá kanlẹ̀kùn.

Àṣìṣe, àti bí o ṣe máa rí i

Padà sórí àmì ṣọ́ọ̀kì. Heian Shodan yẹ kó gbé ọ padà síbi tó ti mú ọ. Bí o bá parí síwájú àmì náà, ìgbésẹ̀ rẹ nígbà tó ò ń lọ sí ilẹ̀kùn gùn ju ti ìgbà tó ò ń lọ sí ògiri lọ. Ó sábà máa ń jẹ́ pé oi-zuki mẹ́ta yẹn ni o ń sáré ṣe, ẹsẹ̀ ò sì tíì dé ibi tó yẹ kí ọwọ́ tó jáde. Bí o bá parí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yíyí dígírì 270 ni kí o lọ wò. Má ṣe fi ìgbésẹ̀ kékeré tí ẹnikẹ́ni ò rí tún un ṣe níparí. Àwa tó ń wòye ń rí i.

Ta okùn ìsáṣọ kọjá yàrá, kí ó fi díẹ̀ ga ju orí rẹ lọ nígbà tí o bá wà nínú zenkutsu-dachi, kí o wá máa rìn oi-zuki lábẹ́ rẹ̀. Bí orí bá ń kan okùn, ò ń nà sókè láàárín ìgbésẹ̀, agbára tó yẹ kó lọ síwájú sì ń lọ sí òrùlé. Orúnkún ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà ní títẹ̀ nígbà tí èkejì bá ń kọjá. Ìgbésẹ̀ 4 nìkan ni ara ti ń nà.

Èjìká tó ń gòkè lórí ẹ̀ṣẹ́ àti age-uke jẹ́ àmì pé apá òkè lo fi ń wá agbára. Fi ìwé kékeré kan há abíyá. Bí ó bá jábọ́ kí ẹ̀ṣẹ́ tó kọjá ìdajì, ìgúnpá ti ya síta.

Ìgúnpá tún ní ìjàǹbá mìíràn. Nítorí pé kò sí ohun tó ń gba ẹ̀ṣẹ́ dúró nínú afẹ́fẹ́, àwọn kan máa ń na apá títí oríkèé á fi ró "kà". Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìgúnpá yẹn á máa dùn wọ́n bí wọ́n bá gbé garawa omi. Dá ẹ̀ṣẹ́ dúró díẹ̀ kí apá tó nà tán. Iṣan ló ń dá a dúró, kì í ṣe egungun.

Ọwọ́ tó ń padà sí ìbàdí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Ó gbọ́dọ̀ yára bí èyí tó ń jáde. Fi fóònù ya fídíò ara rẹ láti iwájú, ní gíga ìbàdí, kí o dá a dúró ní ibi tí ẹ̀ṣẹ́ dé: ibo ni ìkúùkù kejì wà? Bí ó bá ṣì wà ní ikùn, ìbàdí ò yí tán.

Nígbà tí ẹnìkejì bá dé

Kátà tí kò bá ẹnìkejì pàdé rí máa ń di ijó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mú ẹlẹ́gbẹ́ kan, kí ẹ mú ìgbésẹ̀ 3 àti 4. O ṣe gedan-barai ọ̀tún, ó fi ọwọ́ rẹ̀ dì ọ́ lọ́rùn ọwọ́ mú ṣinṣin. Bí o bá fi apá lásán fà á, kò ní jáde bí ó bá lágbára jù ọ́ lọ. Wá ṣe é bí kátà ṣe wí: fa ẹsẹ̀ ọ̀tún padà kí gbogbo ara fà á, yí ọrùn ọwọ́ gba ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti pàdé àwọn ìka yòókù, torí ibẹ̀ ni ìdìmú ti rọ jù, kí apá gòkè yípo, kí ìdí ìkúùkù sì balẹ̀ sí egungun ọrùn rẹ̀. Dá a dúró ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí i. Ẹni tó bá ti ṣe èyí ní ìgbà ogún kò ní fa ẹsẹ̀ padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan mọ́ nígbà tó bá ń dá ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn, 1 àti 2. Ẹlẹ́gbẹ́ rọra ta ẹsẹ̀ sí ikùn rẹ. Má ṣe fi apá pàdé egungun ojúgun rẹ̀ lójúkorojú, ìwọ ló máa dùn. Gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìbàdí ṣe ń yí, kí o wá wọlé pẹ̀lú oi-zuki kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó padà sílẹ̀. Níbí lo máa ti rí i bóyá gígùn ìdúró rẹ tó: bí ìkúùkù ò bá dé ibi igbá-àyà láìtẹ ara síwájú, ìgbésẹ̀ rẹ kúrú. Ní age-uke, ọwọ́ tó là tí o kọ́kọ́ gbé sókè lè di ọwọ́ tó ń bọ̀ mú, kí o fà á wálẹ̀ sí ìbàdí, apá kejì á sì gbá ìgúnpá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Rọra ṣe èyí gan-an o, torí oríkèé kì í kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí o lè lọ sí Heian Nidan, kátà tó kàn

Àwọn àgbà Okinawa kì í kánjú. Funakoshi fúnra rẹ̀ lo bí ọdún mẹ́wàá lórí kátà Tekki mẹ́ta péré lábẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí o ṣe tó bẹ́ẹ̀, ìdánwò bẹ́líìtì á sì máa lé ọ. Síbẹ̀, Ryo Kiyuna, ọmọ Okinawa tó gba wúrà kátà àwọn ọkùnrin, àti Sandra Sánchez ọmọ Sípéènì tó gba ti àwọn obìnrin ní Olympic Tokyo tó wáyé ní 2021, inú irú ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n ti jáde: ìdúró, yíyí, ọwọ́ tó ń padà.

Ohun mẹ́ta ni kí o fi dán ara rẹ wò. Àkọ́kọ́, kọjú sí fèrèsé dípò ilẹ̀kùn kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà bá dà rú mọ́ ọ lójú, yàrá lo há sórí, o ò tíì mọ kátà. Ìkejì, yí gbogbo rẹ̀ padà: bẹ̀rẹ̀ sí ọ̀tún dípò òsì, kí ìgbésẹ̀ 1 jẹ́ gedan-barai ọ̀tún sí tẹlifíṣọ̀n, kí o sì dé ìgbésẹ̀ 21 láìdúró ronú. Ìkẹta, di ojú, lórí ilẹ̀ tí kò ní ohun tó lè gbé ọ ṣubú, kí o ṣe é ní ìyára déédéé, kí o wá la ojú wo ibi tí àmì ṣọ́ọ̀kì wà. Bí o bá wà láàárín ìdajì ìgbésẹ̀ sí i, tí o sì kọjú sí ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀, ní kí sensei (olùkọ́) rẹ bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn pẹ̀lú rẹ.